Bí Mo Ṣe Kọ̀wé Lórí Ọkọ̀ Tó Gbá Kùkùté ní Ìwòpin

Èrò mẹ́rìnlá ni wá nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbéra láti Ìwòpin lọ sí Ẹ̀pẹ́. A ò tíì rìn jìnnà tó fi gbá kùkùté tí ewéko bò mọ́lẹ̀, ló bá lu. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn apẹja, ẹnikẹ́ni ò bómi lọ.

Ìyá mi ní kí n gbàgbé ẹ̀. Mi ò lè gbàgbé: kùkùté yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ta wá ni kí n kọ̀wé sí? Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní Ẹ̀pẹ́ là ń lọ, kí n lọ bá Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà ní Ìjẹ̀bú-Òde ló là á yé mi. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní oṣù Kínní 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí irú omi bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀. Òfin 2022 ló sì dá NSIB sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń wádìí ìjàm̀bá ọkọ̀; àwọn ni kí n kọ̀wé sí. Ìjàm̀bá bàálù nìkan ni àjọ tó wà ṣáájú rẹ̀ ń wádìí. Ní báyìí, ti rélùwéè àti ti orí omi ti kún un. Wọn kì í wá ẹni tí wọn ó dá lẹ́bi. Ohun tó fà á ni wọ́n ń wá, kó má baà tún ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé tọ awakọ̀ wa lọ, torí ó ti ń sá fún mi.

“Bàbá, kì í ṣe ẹjọ́ yín ni mo fẹ́ rò.”

“O fẹ́ kí wọ́n gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ni!”

Ó pẹ́ kó tó jókòó. Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, mo pè é ní aláìbìkítà. Mo pa á rẹ́. Fóònù ni mò ń tẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ gbá igi, kí ni mo rí? Mo kọ aago tí a gbéra, iye èrò, bí oòrùn ṣe ràn. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì méje ló wà, àwa mẹ́rin péré la wọ̀ ọ́. Èmi gan-an ò so okùn tèmi. Ìyẹn náà wọ inú ìwé, ojú sì tì mí.

Kí n tó fi í ránṣẹ́, bàbá dé pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tó rin gbingbin. Ó ti lọ ri ọparun mọ́ ẹ̀gbẹ́ kùkùté náà, ó so aṣọ pupa mọ́ ọn lórí. Ó ní kí n fi kún un.