Bí mo ṣe wá ibi tí subwoofer máa jókòó sí nínú pálọ̀ wa

Nígbà tí a ń kọ́ ilé wa ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn, èmi fúnra mi ni mo sọ fún bíríkìlà pé kó má ṣe mọ ògiri kankan sáàárín ibi ìgbàlejò àti ibi ìjẹun, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Láti ògiri tí tẹlifíṣọ̀n wà lára rẹ̀ títí dé ògiri ẹ̀yìn tábìlì ìjẹun jẹ́ mítà 9, ìbú ibẹ̀ jẹ́ mítà 6, àjà rẹ̀ sì ga ní mítà 3. Àtẹ̀gùn tó lọ sókè wà ní apá ọ̀tún, kò sì ní ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ń fẹ́ níbẹ̀ dáadáa, orin ni kò dùn níbẹ̀.

Sẹ́ẹ̀tì tí a kó wá láti ilé tí a rẹ́ǹtì tẹ́lẹ̀ ní subwoofer kékeré kan, ìyẹn àpótí sípíkà tó ń gbé béèsì, ìró ìsàlẹ̀, jáde; ẹnu sípíkà rẹ̀ fẹ̀ ní ínṣì 6½. Nínú pálọ̀ tóóró tí a wà nígbà náà, ó ń dún débi tí ará ilé òdìkejì fi máa ń kan ògiri. Nígbà tí a kó dé ibí, ńṣe ló dà bí ẹni ń fi ṣíbí rọ omi sínú àgbá. Wọ́n kọ iye wáàtì tó pọ̀ rẹpẹtẹ sára páálí rẹ̀, wọ́n sì fi PMPO sí i níwájú. Mo yí àpótí náà padà, mo wo àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì rí i pé iná tí gbogbo ẹ̀rọ náà ń jẹ kò ju wáàtì 60 lọ. Ohun tí ẹ̀rọ kò bá jẹ, kò lè máa bì í jáde. Láti ọjọ́ yẹn, RMS ni mo máa ń wò kí n tó rà á, nítorí òun ni agbára tí ẹ̀rọ lè lò pẹ́ láìdákẹ́. Ti PMPO, ẹni tó tẹ páálí ló mọ bó ṣe rí i.

Kí n tó lọ sọ́jà, mo fi téèpù wọn ilé náà. Kúbíìkì mítà 162 ni mo rí, láìka ihò àtẹ̀gùn mọ́ ọn, gbogbo afẹ́fẹ́ yìí sì ni béèsì ní láti tì. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé bí ìró bá rẹlẹ̀ dé ìdajì ibi tó wà tẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tí sípíkà gbọ́dọ̀ tì kí ó lè dún bákan náà máa di ìlọ́po mẹ́rin. Sípíkà kékeré kò lè ṣe é, bó ti wù kí wọ́n fi iná sí i tó. Sípíkà ínṣì 12 ní ojú tó fẹ̀ ju ti ínṣì 6½ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀, ó sì tún máa ń sún síwájú sẹ́yìn jù ú lọ. Nítorí náà ni mo ṣe pinnu pé n kò ní gba ohun tó bá kéré sí ínṣì 12.

Ọ̀rọ̀ àpótí ló kù. Àpótí tí wọ́n dí pa máa ń kéré, ìró rẹ̀ sì máa ń gé kúrò kíákíá, èyí tó dára púpọ̀ nínú yàrá kékeré. Èyí tí wọ́n lu ihò sí máa ń tóbi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ihò náà ń bá sípíkà ṣiṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ gan-an sì ni pálọ̀ ńlá ti máa ń gbé agbára mì. Mo yan oníhò. Ìyàwó mi wo àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, ó ní ṣé fìríìjì ni àbí sípíkà.

Mo lọ sí ọjà Alábà, ní Òjó. Tòkunbọ̀ kan wà níbẹ̀ tó wù mí gidigidi, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì owó tuntun. Ẹni tó ń tà á ní kí n ṣáà gbé e lọ, kí n kì í bọ iná. Mo tẹ̀ síwájú, mo nu eruku ẹ̀yìn rẹ̀: 120V, 60Hz. Ti Amẹ́ríkà ni. Iná tiwa jẹ́ fóòtì 230, mo sì ti fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jóná rí ní 2009; òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò nímú mi. Ènìyàn lè ra tiransifọ́mà tó máa rẹ iná sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n bí a bá ro owó èyí mọ́ ọn, tí a sì ro ọjọ́ tí ẹnì kan nínú ilé máa ṣèèṣì kì í tààrà mọ́ ògiri, kò pọ́n mi lójú mọ́. Mo ra tuntun tó ń lo fóòtì 220 sí 240, ínṣì 12, wáàtì 300 RMS. Wọ́n gbé e dún fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ gbọ̀n, n kò sì ka ìyẹn sí nǹkan kan, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ̀ ju bàlùwẹ̀ lọ.

Mo gbé e délé, mo sì ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń ṣe, mo tì í sí kọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Kọ̀rọ̀ máa ń mú kí béèsì pọ̀ sí i lóòótọ́, nítorí pé ògiri méjì àti ilẹ̀ ni ó ń ta ìró padà sáàárín ilé. Mo gbé orin jùjú kan sí i. Nígbàkúùgbà tí ẹni tó ń ta gìtá béèsì bá kan okùn A, tí ìró rẹ̀ jẹ́ 55 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 55 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́bàá tábìlì ìjẹun máa ń gbọ̀n, ọmọ mi obìnrin tó ń jẹun níbẹ̀ sì di etí. Èmi tí mo jókòó lórí àga gígùn níwájú tẹlifíṣọ̀n, èmi tí mo náwó, n kò gbọ́ ju ìró kan tó ṣófo bí ìgbà tí ènìyàn ń lu páálí. Nígbà tí a wo fíìmù, ààrá sán nínú ibi ìjẹun, òjò nìkan ló rọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Lẹ́yìn èyí ni mo jókòó ti bírò àti ìwé. Ìró ń rìn ní nǹkan bíi mítà 345 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú irú ooru ilé wa. Bí ìró kan bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ògiri méjì tó dojú kọ ara wọn, àwọn ìró kan wà tí àlọ àti àbọ̀ wọn máa ń bára mu, tí wọ́n á sì máa ga sí i níbi kan, tí wọ́n á kú pátápátá níbòmíràn. Láti mọ èyí àkọ́kọ́ nínú wọn, ènìyàn á fi ìlọ́po méjì gígùn ilé pín 345. Ní gígùn mítà 9, mo rí 19 Hz, lẹ́yìn rẹ̀ 38, lẹ́yìn rẹ̀ 57.5. Ní ìbú mítà 6, mo rí nǹkan bíi 29, lẹ́yìn rẹ̀ 57.5. Ní gíga mítà 3, 57.5. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Gígùn, ìbú àti gíga ilé mi ti ṣe àdéhùn pé ibì kan náà ni àwọn á ti pàdé, ibẹ̀ kò sì jìnnà rárá sí okùn A gìtá béèsì. Èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi mú 9, 6 àti 3 fún bíríkìlà nítorí pé wọ́n rọrùn láti rántí!

Àga gígùn wa wà ní mítà 4.5 sí tẹlifíṣọ̀n, àárín gbùngbùn ilé ní gígùn àti ní ìbú. Àárín gan-an ni 19 Hz àti 29 Hz ti máa ń kú. Tábìlì ìjẹun sún mọ́ ògiri, ẹ̀bá ògiri sì ni gbogbo wọn ti máa ń ga jù lọ. Àtẹ̀gùn tó ṣí sílẹ̀ ń da ìṣirò yìí rú díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ àti ohun tí ìwé sọ jọra tó láti pa mí lẹ́nu mọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ènìyàn ń kà nípa subwoofer wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ti jẹ́ igi àti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń jẹ́ kí béèsì jò jáde. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 ni ògiri tiwa, a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, táìsì sì wà nílẹ̀. Béèsì tó bá kọlu irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa padà wá pẹ̀lú agbára. Ní ilé wa, ohun tó ń ga máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó ń kú sì máa ń kú pátápátá, nítorí náà ibi tí a gbé àpótí sí ṣe pàtàkì fún wa ju iye tí a fi rà á lọ. Kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnì kò lè ràn wá lọ́wọ́ níbí; ìró òkè ni wọ́n ń gbà mọ́ra.

Ọ̀nà tí mo fi wá àyè fún un, ọ̀nà àgbà ni àwọn onímọ̀ ohùn mọ̀ ọ́n sí, ìtìjú ibẹ̀ nìkan ló pọ̀. Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin gbé subwoofer náà, tó lé ní kílò 25, sórí pákó lórí àga gígùn, níbi tí mo máa ń jókòó sí gan-an. Mo yan orin kan tí gìtá béèsì rẹ̀ ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí gbogbo okùn, láti E tó jẹ́ 41 Hz lọ sókè, mo sì ní kó máa tún ara rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀, mo ń rá kòrò lẹ́bàá ògiri, mo ń gbé etí sí ibi tí ẹnu sípíkà máa wà bí mo bá gbé e síbẹ̀. Ọ̀nà tí ìró gbà láti àga dé ẹ̀bá ògiri náà ló máa gbà padà, nítorí náà ibi tí béèsì bá ti dọ́gba létí mi nílẹ̀ ni kí n gbé àpótí sí, kó lè dọ́gba létí mi lórí àga.

Ọmọ mi obìnrin jáde, ó rí mi lẹ́yìn kọ́tìnì. “Dádì, kí lẹ ń wá nílẹ̀?”

“Béèsì ni.”

Ó lọ pe ìyá rẹ̀ wá wò mí.

Nídìí àtẹ̀gùn, ńṣe ni okùn E pòórá sókè. Lẹ́bàá tábìlì, okùn A nìkan ló ń pariwo. Lábẹ́ fèrèsé apá òsì, nígbà tí mo rá dé nǹkan bíi mítà 1.6 sí ògiri tẹlifíṣọ̀n, gbogbo okùn dún ní ìwọ̀n kan náà, mo sì gbọ́ bí ìka ẹni tó ń ta gìtá ṣe ń kúrò lára okùn. Mo padà rá kọjá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibẹ̀ náà ni. Ọjọ́ kejì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìdí rẹ̀ nínú ìṣirò: ìdá kan nínú mẹ́fà gígùn ilé, ìyẹn mítà 1.5, jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí 57.5 Hz ti gígùn ilé ti máa ń kú. Subwoofer tó bá jókòó síbẹ̀ kò lè jí i. Nínú àwọn mẹ́ta tó ń pàdé, mo ti yọ ọ̀kan kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni mo sún àga gígùn sẹ́yìn pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 70. Lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni èmi àti ìyàwó mi ti fa ọ̀rọ̀, nítorí pé àga ti dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé abọ́ kọjá. A fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé sẹ̀ǹtímítà 70 ni, kò gbọ́dọ̀ di 71. Ààrá ti ń sán dé ọ̀dọ̀ mi báyìí.

Ìtò tó kù kò gba àkókò. Mo sọ fún risífà, ẹ̀rọ tó ń pín ìró fún àwọn sípíkà, pé gbogbo ìró tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz kó máa lọ sínú subwoofer, nítorí pé bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, etí á ti máa mọ ibi tí ohùn ti ń jáde. Mo gbé ìró 80 Hz kan ṣoṣo sí i, mo jókòó, mo ní kí ọmọ mi máa yí ohun tí wọ́n ń pè ní phase láàárín 0 àti 180. Ní 180, ìró náà pọ̀ sí i, ìyẹn ni pé subwoofer àti àwọn sípíkà iwájú ti jọ ń tì pọ̀. Ibẹ̀ ni mo fi sí.

Ohun tó gba àkókò ni ariwo hùn-ún tó ń jáde bí a bá ti tan án, kódà láìsí orin. 50 Hz ni, ìró iná wa gan-an. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ ibi tí mo kì í mọ́, mo fura sí ínfátà. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ṣèèṣì yọ wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn dìkódà, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Díìṣì orí òrùlé ní ọ̀nà tirẹ̀ sí ilẹ̀, ẹ̀rọ inú ilé ní tirẹ̀, iná sì ń yí po láàárín méjèèjì. Nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń so sáàárín wáyà ohùn tó ti dìkódà lọ sínú risífà ló parí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni àbúrò ìyàwó mi, tó ń mójú tó ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, gbé máìkì ìwọ̀nhùn UMIK-1 rẹ̀ wá, ó sì fi REW, ètò tó ń ya àwòrán ìwọ̀n ìró, tí ènìyàn lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, sórí kọ̀ǹpútà. Nínú àwòrán náà, gegele kan ṣì wà ní nǹkan bíi 57 Hz, ihò kan sì wà nítòsí 70. “Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká gé gegele yìí lulẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ihò yẹn.” Òótọ́ ló sọ: ibi tí ìró ti ń pa ara rẹ̀, agbára tí ènìyàn bá rọ sí i, pípa ni yóò máa pa á, ẹ̀rọ ni yóò gbóná lásán. Ó fẹ́ kí n ra ìkejì. Ó sọ fún mi pé Todd Welti, nílé iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà, ti ṣe ìwádìí rẹ̀ pé subwoofer méjì ní àárín ògiri méjì tó dojú kọ ara wọn máa ń mú kí béèsì dọ́gba lórí ọ̀pọ̀ àga. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n àárín ògiri ọ̀tún mi, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ló wà níbẹ̀.

Nígbà tó ń gbé ìró náà láti 20 Hz gòkè díẹ̀díẹ̀, mo ń rìn káàkiri, mo ń fi ìka kan nǹkan. Fèrèsé kan gbọ̀n, mo fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ há a. Nǹkan kan ń dún wìrìwìrì ní 44 Hz tí a kò rí fún ìdajì wákàtí, àfi ìgbà tí ìyàwó mi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tó sì gbé ọmọrí ìkòkò tánńganran ìyá rẹ̀ kúrò lórí ìkòkò. Aṣọ ìnuwọ́ kékeré kan ló wà láàárín ọmọrí àti ìkòkò náà báyìí.

Mo fi téèpù dúdú sàmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin subwoofer náà lórí táìsì, nítorí àwọn tó ń gbálẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo jókòó, mo gbọ́ okùn A, mo dìde láìwo nǹkan kan, mo sì tì í padà ní ìbú ọwọ́ kan.