Bí Mo Ṣe Ń Wọn Agbábọ́ọ̀lù Àná Mọ́ Ti Òní

Bàtà bọ́ọ̀lù ni mò ń rán nítòsí Sitédíọ̀mù Sùúrùlérè, ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń jiyàn lórí bẹ́ǹṣì mi. Ọmọdé á ní àwọn tí bàbá òun ń yìn kò lè gbá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lónìí. Àgbà á ní eré sísá nìkan ni àwọn ti òde òní mọ̀. Ọ̀rọ̀ á le, ohùn á ròkè, kò sì ní sí ẹnì kan tó wo nǹkan kan. Ó máa ń dùn mí, torí ìbéèrè gidi ni: bí a bá gbé agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ wá sóde òní, ṣé á yege? Ó sì ní bí èèyàn ṣe ń wá ìdáhùn rẹ̀. Bí èmi ṣe ń ṣe é nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí ẹ rántí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lọ́jọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, tí Nàìjíríà na Àlùjíríà 3 sí 0, tí a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wà nínú sitédíọ̀mù yìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Muda Lawal gbá ọ̀kan. Ohun tó kù lọ́kàn mi ni ọwọ́ bàbá mi tó dì mí lápá mú, àti fìlà ọkùnrin iwájú wa tó fò sókè tí a kò rí i mọ́. Ṣùgbọ́n bí Ọdẹ́gbàmí ṣe gba bọ́ọ̀lù kó tó gbá a sílé, n kò lè sọ ọ́. Ariwo ni mo rántí. Ẹ ò lè fi ariwo dájọ́.

Nítorí náà, ẹ wá odindi eré kan, ìṣẹ́jú 90, kí ẹ sì pa ohùn rẹ̀. Àwọn fídíò kéékèèké tí wọ́n gé jọ kò wúlò, torí kò sẹ́ni tó ń ṣìnà nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi Maradona bẹ̀rẹ̀, kó wo eré Ajẹntínà pẹ̀lú Ìgíláńdì ti 1986. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ojú yín máa tọ ẹni kan ṣoṣo lẹ́yìn. Bí bọ́ọ̀lù bá ti kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení, èjì, ẹ̀ta, títí alátakò yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú eré àtijọ́, èmi máa ń kà dé ẹ̀ta, nígbà mìíràn ẹ̀rin. Ẹ wá ka ti òní bákan náà. Bí ẹ bá fi máa pe èjì, wọ́n ti dé.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó bá ṣe láàárín ení yẹn nìkan ni yóò gbé wá sóde òní. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń dá bọ́ọ̀lù dúró ná, kó tó gbórí sókè wá ẹni tí yóò gbá a sí, wọn á ti gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti bojú wẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó dé, tó jẹ́ pé bó ṣe ń gbà á ló ń yà kúrò lọ́nà ẹni tó ń bọ̀, á rọ́nà lọ. Ẹ fa ìlà kan fún gbogbo ìgbà tó bá bojú wẹ̀yìn. Ìlà wọ̀nyẹn ló yí ọkàn mi padà lórí ẹni méjì tí mo fẹ́ràn gan-an, ó sì ká mi lára.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo bàtà rẹ̀. Bàbá kan gbé bàtà tó fi gbá bọ́ọ̀lù nígbà ọ̀dọ́ wá kí n tún un ṣe. Awọ tó nípọn ni. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìṣó ló gún mi níka. Mo gbé ẹyọ kan sórí ìwọ̀n ìyá ẹlẹ́ran, ó lé ní ìdajì kílò. Bàbá ní kí n rì í sómi. Nígbà tí a gbé e jáde, ó wúwo bí ẹni pé ẹsẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Bàtà ọmọdé òní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò tó ìdajì rẹ̀. Ẹni tó fi irú èyí gba bọ́ọ̀lù awọ tó ti mu omi, nínú ẹrẹ̀, tí bọ́ọ̀lù kò sì ta kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹ fún un ní bàtà òní, pápá òní àti oúnjẹ òní kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣojúsàájú: ẹni tó ń ṣọ́ ọ náà ti jẹ oúnjẹ yẹn yó.

Bí wọ́n bá ní àtijọ́ kò lè kọ́ tuntun, ẹ tọ́ka sí sitédíọ̀mù kejì tó wà nítòsí wa. Teslim Balógun tí wọ́n fi sọ ọ́ wà nínú ikọ̀ tó lọ sí Ìgíláńdì ní 1949, tí púpọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1956, ó ti wọ bàtà, Queens Park Rangers, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Ìgíláńdì, ló ń gbá a fún.

Òfin ńkọ́? Ní 1982, Gentile ará Ítálì gbá Maradona lẹ́sẹ̀ ju ogún ìgbà lọ nínú eré kan, wọn kò lé e jáde. Lónìí kò ní pẹ́ lórí pápá. Adárà ni òfin òní ń gbè. Àwọn aṣọ́lé àtijọ́ ni àyà mi ń já fún, torí láti 1992 wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ẹni tiwọn bá fi ẹsẹ̀ gbá padà sí wọn.

Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ máa gbé e wá? Èmi máa ń gbé e wá ní ọdún 12. Bí ẹ bá gbé e wá ní 25, sísá tẹ̀lé alátakò nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ á pa á. Kóòṣì lè kọ́ ọmọdé ní èémí àti ibi tí yóò dúró sí. Lójú tèmi, Ọdẹ́gbàmí á yege: ó ga, ó ń ṣiṣẹ́ létí pápá, ó sì mọ ilé. Rashidi Yẹkínì ní tirẹ̀, bó ṣe wà ní 1994 ni kí ẹ gbé e wá.

Bí fídíò kò bá sí, ẹ má bi olólùfẹ́ rẹ̀, ẹ bi ẹni tó ṣọ́ ọ. Mo bi bàbá oníbàtà yẹn nípa Haruna Ilerika, agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ ti Stationery Stores, ẹgbẹ́ kan nílùú Èkó. Kò sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó fọwọ́ di bẹ́ǹṣì mú nítorí orúnkún rẹ̀, ó fi èjìká tẹ̀ sí òsì, ó wá nàka sí ọ̀tún. Ó ní, "Ibí ló gbà kọjá. Mo ṣì ń wo òsì."