Bí mo ṣe lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì ọkọ̀ mi
Lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ họ́ọ̀sì bíréèkì tó ń jò ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, ṣe ni pẹ́dàlì ń rì wọlẹ̀ bíi tìmùtìmù, àfi kí n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Afẹ́fẹ́ ló kù nínú páìpù: ọ́ìlì bíréèkì kì í fún pọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ máa ń fún pọ̀, agbára ẹsẹ̀ a sì ṣòfò sínú rẹ̀. Mo ki rọ́bà bọ ẹnu nọ́ọ̀tì tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́, mo ri ìdí kejì sínú DOT 3, ìyẹn irú ọ́ìlì bíréèkì kan, nínú ìgò. Àbúrò mi tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì, mo sì dè é pa kó tó gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ìfófòó tú jáde títí di ìgbà kẹsàn-án, a sì ń bu ọ́ìlì tuntun kún agolo ọ́ìlì bíréèkì tó wà lókè kó má baà gbẹ. Èyí tó ta sára ọkọ̀, kíá ni mo fomi ṣàn án, nítorí ó máa ń bó ọ̀dà. Pẹ́dàlì ti le báyìí.