Amọ̀ ò ṣẹ̀: àṣìṣe tó ń fọ́ ìkòkò yín nínú ààrò

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé àpáàdì kún àpò símẹ́ńtì wá bá mi láti Àṣerò lóṣù tó kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, amọ̀ tí wọ́n tà fún mi ò dáa." Mo gbọn àpò náà dà sílẹ̀, mo wo ojú ibi tí wọ́n ti sán. Amọ̀ ò ṣẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mọ ààrò l'Abẹ́òkúta, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí ọmọ tó fi gbogbo owó àjọ rẹ̀ ṣòfò báyìí.

1. Ẹ má sun ìkòkò tí kò gbẹ. Omi tó bá di oru gbígbóná máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700. Ẹ gbé ìkòkò mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá ṣì ń tutù, ẹ dá a padà síbi atẹ́gùn.

2. Ẹ má fi símẹ́ńtì mọ ààrò. Iná á lé omi inú rẹ̀ jáde. Bí ọ̀rinrin bá tún wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà, á wú, á sì máa rún. Amọ̀ tí a pò mọ́ àpáàdì lílọ̀ ni kí ẹ fi lẹ bíríkì.

3. Òkúta ńkọ́? Torí pé òkúta yí wa ká, àwọn kan ń kó o tẹ́ ìsàlẹ̀ ààrò. "Ṣebí Olúmọ ò fọ́!" Olúmọ ò sí nínú iná. Quartz, ìyẹn hóró funfun tó ń dán bíi dígí, pọ̀ nínú òkúta wa, bí ooru bá sì dé 573°C, quartz máa ń wú lójijì. Bó bá ń tutù bọ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń súnkì. Àwọn tó ń fọwọ́ fọ́ òkúta mọ̀ pé iná ń la òkúta, òun ni wọ́n fi ń dáná lé e lórí kó lè là.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ṣíṣí ààrò kó tó tutù. Ẹ gbọ́, iná nìkan kọ́ ló ń pa ìkòkò. Amọ̀ sísun lágbára gan-an bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á, kò lè gbà á. Bí iná bá ń mú bọ̀, ara òde ló kọ́kọ́ ń wú, inú sì ń dì í mú; títẹ̀ nìyẹn, ó lè fara dà á. Bí atẹ́gùn tútù bá wá lù ú lójijì, ara òde á fẹ́ súnkì, inú tó ṣì gbóná ò ní gbà fún un. Fífà nìyẹn. Ibi tí ìlà tínńrín kan bá wà ló ti máa là dé ìdí.

Èmi náà ṣe é. Ìyá olóúnjẹ kan ní Kútọ̀ bẹ̀ mí ní ìkòkò ọbẹ̀ 40. Ọkọ̀ ti dúró, mo bá yọ bíríkì ẹnu ààrò nígbà tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n. Mo ń gbọ́ ọ, páà, páà, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Méje péré ló yè. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó ìyá náà padà.

Ẹ má sì mọ ìkòkò nípọn kó lè lágbára. Bó bá ti nípọn tó ni ìyàtọ̀ ooru inú àti òde á ṣe pọ̀ tó. Àpáàdì lílọ̀ ni kí ẹ fi pò ó. Ìyẹn ti súnkì tán látijọ́, ó sì máa ń dá ìlà dúró lọ́nà.

Líle náà ò tó. Ẹ wo àwo líle inú ẹ̀wù ayẹta, ceramic ni, ó jọ amọ̀ sísun. Bí ọta bá bà á, ìgbì tó sáré ju ohùn inú afẹ́fẹ́ lọ á wọ inú rẹ̀ bíi títẹ̀. Bó bá kan ẹ̀yìn, á padà bíi fífà, ẹ̀yìn á sì bó. Ìdí kan nìyẹn tí wọ́n fi ń fi aṣọ líle gbá a lẹ́yìn. Boron carbide, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe àwo náà, wà lára ohun tó le jù láyé, síbẹ̀ bí ìgbì náà bá lágbára jù, ètò inú rẹ̀ á dàrú, agbára rẹ̀ á sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní kí ọmọ yẹn lọ àpáàdì rẹ̀, ká fi pò amọ̀ tuntun. Iná ààrò tí a jọ dá kú lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ Ajé la máa ṣí i.