Bí A Ṣe Ń Pinnu Bóyá Kí A Tún Ìdánwò GMAT Ṣe

GMAT ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò kárí ayé fi ń yan àwọn tí wọ́n fẹ́ ka MBA, ìyẹn oyè gíga nínú ìmọ̀ ìṣòwò. Ẹni tó bá ṣe é, tí máàkì rẹ̀ kò tó ohun tó fọkàn sí, kò ní pẹ́ gbọ́ ìmọ̀ràn lọ́tùn-ún lósì. Àwọn kan á ní kó tún un ṣe kíá kí ohun tó kà má baà fò lọ, àwọn mìíràn á ní kó gba kámú. Ìmọ̀ràn méjèèjì lè bọ́ sí i, àmọ́ àwọn tó ń gbà á nímọ̀ràn kì í sábà rí ìwé èsì rẹ̀. Ohun méjì ló yẹ kó parí ọ̀rọ̀ yìí: ṣé ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ń fojú sùn béèrè ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín lọ, àti ṣé ohun tó fa máàkì yín wálẹ̀ ṣeé tún ṣe kí àkókò tó tán. Tí ìdáhùn sí èyíkéyìí nínú méjèèjì bá jẹ́ rárá, ẹ fi owó ìdánwò kejì ṣe nǹkan mìíràn.

Ọ̀dọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ìkànnì rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé irú àwọn tí wọ́n gbà ní ọdún tó kọjá. Máàkì àárín ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú, ṣùgbọ́n èyí tó wúlò jù ni àlàfo tí máàkì ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n gbà bọ́ sí, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí máàkì yín bá wà nínú àlàfo yẹn, kódà kó wà ní apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, èrò tèmi ni pé kí ẹ dojú kọ àròkọ yín àti àwọn tí yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún yín. Bí ó bá wà lábẹ́ àlàfo náà pátápátá, ó yẹ kí a jọ ronú sí títún un ṣe. Ìdí kan tún wà tó lágbára fún àwa tí a ń fi náírà san owó: àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ń wo máàkì yìí nígbà tí wọ́n bá ń pín owó ìrànwọ́. Ẹni tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà náà lè rí èrè nínú àtúnṣe bí owó ìrànwọ́ bá so mọ́ ọn. Kí ẹni tí yóò kàwé nílé níbí sì kọ́kọ́ béèrè ná, nítorí ọ̀pọ̀ yunifásítì orílẹ̀-èdè wa kì í béèrè GMAT fún MBA rárá.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má fi òṣùwọ̀n àtijọ́ wọn tuntun. Ìdánwò tí à ń ṣe báyìí bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, wọ́n sì pa èyí àtijọ́ tì ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2024. Máàkì àtijọ́ máa ń lọ láti 200 dé 800, òdo ló sì ń parí rẹ̀. Tuntun ń lọ láti 205 dé 805, márùn-ún ló sì ń parí rẹ̀. 645 lónìí ló dúró níbi tí 700 wà láyé àtijọ́. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n yín kan tó ṣe é ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn bá ń fi 700 tirẹ̀ dá yín lágara, ẹ rántí pé òṣùwọ̀n yín kì í ṣe ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ìwé èsì yín kalẹ̀, kí ẹ kà á ní apá-apá. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà níbí, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò kọjá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ Ọ̀fà kan tó ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Ìlọrin gba 83 nínú ìṣirò, 82 nínú èdè àti 72 nínú apá tí wọ́n ń pè ní Data Insights, ìyẹn kíka tábìlì àti àwòrán ìsọfúnni, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 585. Ẹni tó bá wo 585 nìkan á ní kó padà sídìí ìwé látìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, apá méjì kò ní wàhálà kankan níbẹ̀. Láti 60 dé 90 ni wọ́n ń fún apá kọ̀ọ̀kan ní máàkì, agbára kan náà sì ni apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní nínú àpapọ̀, nítorí náà bí ó bá gbé 72 yẹn dé 78 péré, tí àwọn yòókù dúró síbi tí wọ́n wà, àpapọ̀ rẹ̀ á tó nǹkan bí 625.

Kí ló wá fa 72? Data Insights ní ìbéèrè 20 fún ìṣẹ́jú 45, ìyẹn ìṣẹ́jú méjì ó lé díẹ̀ fún ìbéèrè kan. Ìwé èsì máa ń fi bí a ṣe lo àkókò hàn. Bí òṣìṣẹ́ báńkì wa bá ti jókòó ti tábìlì iye owó kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ń fi ẹ̀rọ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ṣírò ohun tí ojú lásán lè rí, tí ìbéèrè mẹ́ta sì ṣẹ́kù láìdáhùn nígbà tí aago pè, aago ló bá a jà, kì í ṣe òye ni kò ní. Máàkì tí wọ́n máa ń yọ fún ìbéèrè tí a kò dáhùn kò kéré rárá. Irú àìsàn yìí ṣeé wò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó dáhùn gbogbo ìbéèrè, tí àkókò tó o, tí àṣìṣe sì fọ́n káàkiri apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìmọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ àtúnṣe, oṣù ni èyí sì ń gbà.

Kí ẹ tó gba ohun tí ìwé èsì sọ gbọ́, ẹ ṣe ìdánwò àṣedánwò kan. Méjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí mba.com, ìkànnì àwọn tó ni GMAT. Ẹ ṣe é ní ìjókòó kan, láìdáwọ́ dúró ju ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n gbà láàyè lọ, kí ẹ pa fóònù. Bí ẹ bá ń gba 635 nílé, tí ẹ sì gba 585 lọ́jọ́ ìdánwò, ọjọ́ yẹn ló ṣe yín. Bí ẹ bá ń gba 585 nílé pẹ̀lú, ibi tí ẹ wà nìyẹn, lílọ kíákíá kò ní yí i padà. Ìwé tókunbọ̀ náà máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà: èyí tó bá ní àròkọ, jiọ́mẹ́tírì tàbí títún gbólóhùn ṣe ti di ti àtijọ́, nítorí wọ́n ti yọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ní ti àkókò, ọjọ́ 16 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdánwò kan àti òmíràn, a kò sì lè ṣe ju márùn-ún lọ láàárín oṣù méjìlá. Ẹ má ka ọjọ́ 16 yẹn sí àkókò ìmúrasílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè, ìwé ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń parí ní oṣù kẹsàn-án, èkejì ní oṣù kìíní, nítorí náà láti ibẹ̀ ni kí ẹ ti kà á padà sẹ́yìn. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ààwẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ń jí sààrì, tó ń kí àṣàmù lóru, tó sì ń lọ síbi iṣẹ́ ní òwúrọ̀, kò ní rí ara kàwé bó ṣe yẹ.

Ibi tí ẹ óò ti ṣe é náà ní owó tirẹ̀. Láti Ìlọrin, ìrìn-àjò lọ sí Èkó tàbí Àbújá túmọ̀ sí owó ọkọ̀ àti ilé tí a óò sùn, nítorí kò sẹ́ni tó yẹ kó gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìdájí kó sì wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́jọ́ kan náà. A lè ṣe é nílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ wa látorí kámẹ́rà kò ní gba kí ẹnikẹ́ni wọ yàrá. Ní ilé ẹbí tí ọmọdé àti àlejò ti ń wọlé jáde, tí iná sì lè lọ nígbàkigbà, mo rò pé owó ọkọ̀ sàn jù.

Bí ìṣirò bá le fún yín tí ọ̀rọ̀ èdè sì rọrùn, ẹ wo GRE náà, ìdánwò mìíràn tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣòwò ń gbà báyìí.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti wà nílẹ̀, ẹ kọ máàkì kan àti ọjọ́ kan sínú ìwé, kí ẹ fi han ẹnì kan tí kò ní tàn yín. Bí ẹ bá gba máàkì náà lẹ́ẹ̀mejì nínú àṣedánwò kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ sanwó. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi èyí tó wà lọ́wọ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀rù pé máàkì kejì lè kéré sí àkọ́kọ́ kò yẹ kó dí yín lọ́wọ́: lẹ́yìn tí ẹ bá rí èsì ni ẹ óò yan èyí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ kò ní rí èyí tí ẹ kò fi ránṣẹ́, máàkì kọ̀ọ̀kan sì ń wúlò fún ọdún márùn-ún.