Bí A Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Gba Kànáàlì Llangollen: Lọ́ọ̀kì, Afárá Olómi àti Ìṣàn Tó Ń Dojú Kọ Ni

Kànáàlì Llangollen, ìyẹn ipa omi tí èèyàn gbẹ́ kí ọkọ̀ lè máa gbà á, gùn tó máìlì 46. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Hurleston, nítòsí ìlú Nantwich ní Ìńgílándì, ó sì parí sí Horseshoe Falls lókè ìlú Llangollen ní Wales. Lọ́ọ̀kì 21, ìyẹn yàrá omi tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ló wà lójú ọ̀nà, pẹ̀lú afárá olómi ńlá méjì, Chirk àti Pontcysyllte, tí ọkọ̀ ń gba orí wọn sọdá àfonífojì. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀: omi ibí ń ṣàn. Omi ọ̀pọ̀ kànáàlì ilẹ̀ náà máa ń dúró jẹ́ẹ́ bí omi inú àgbá, ṣùgbọ́n odò Dee ló ń pèsè omi fún eléyìí láti Horseshoe Falls, ó sì ń ṣàn bẹ́ẹ̀ lọ títí dé adágún tí wọ́n ń kó omi mímu sí ní Hurleston. Ẹni tó bá ń lọ sí Llangollen, ìṣàn ló ń dojú kọ. Ẹni tó bá ń bọ̀, ìṣàn ló ń tì í lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tó ń dààmú àlejò lórí kànáàlì yìí ti ń wá.

Ẹ ṣírò ọjọ́ kí ẹ tó háyà ọkọ̀

Bí àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á ro iye máìlì pọ̀ mọ́ iye lọ́ọ̀kì, wọ́n á sì pín in sí mẹ́ta. Iye wákàtí tí ìrìn náà máa gbà nìyẹn. Máìlì 46 àti lọ́ọ̀kì 21 jẹ́ 67, ó lé díẹ̀ ní wákàtí 22. Bí ẹ bá ń wakọ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí méje lóòjọ́, ẹ kà á sí ọjọ́ mẹ́rin ní àlọ, torí ìṣàn máa jẹ nínú eré yín. Ẹni tó háyà ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Hurleston, àfi tó bá fẹ́ fi gbogbo ìsinmi rẹ̀ sáré. Wrenbury ló dáa jù fún ọ̀sẹ̀ kan: lọ́ọ̀kì 12 ló kù níwájú yín láti ibẹ̀. Ẹni tó ní ọjọ́ mẹ́ta péré, kó gba ọkọ̀ ní Chirk tàbí Trevor. Kò ní rí lọ́ọ̀kì kankan, ṣùgbọ́n afárá méjèèjì máa wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ń dúró ní Chirk, ibùdókọ̀ ibẹ̀ kò sì jìnnà sí kànáàlì, nítorí náà ẹ̀yin tó wà ní Manchester tàbí London kò nílò mọ́tò.

Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ojú omi. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ háyà ló máa kọ́ yín kí ẹ tó gbéra. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú kọ́ yín: ẹ ní kí wọ́n bá yín dé lọ́ọ̀kì tàbí afárá àkọ́kọ́ tó bá wà nítòsí. Ọkọ̀ ibẹ̀ kì í fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹṣì 10 lọ, torí pé lọ́ọ̀kì náà kò ju bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ ní fífẹ̀. Gígùn ọkọ̀ lè tó ẹsẹ̀ bàtà 70, ṣùgbọ́n ẹni tí kò wa irú rẹ̀ rí, kó má ṣe gba èyí tó ju 60 lọ.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ rí i pé wíńdílásì méjì wà nínú ọkọ̀, ìyẹn irin ọlọ́wọ́ tí a fi ń yí ẹ̀rọ lọ́ọ̀kì. Ọ̀kan máa já sómi, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ẹ tún wo kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi àti àwọn afárá oníná, òòlù, èèkàn irin méjì, okùn iwájú àti ti ẹ̀yìn, ọ̀pá gígùn, àti ẹ̀wù ìléfòó tó bá ara olúkúlùkù mu, pàápàá àwọn ọmọdé. Láàárín oṣù November sí March, Canal & River Trust tó ń bójú tó kànáàlì náà máa ń ti àwọn ibì kan fún àtúnṣe. Ẹ wo ìkéde wọn kí ẹ tó sanwó.

Ìtukọ̀

Ẹ̀yìn ni atukọ̀ ń dúró sí. Bí ẹ bá ti ọ̀pá ìtukọ̀ sí òsì, imú ọkọ̀ á lọ sí ọ̀tún. Àárín ni ọkọ̀ fi ń yí, nítorí náà bí imú ṣe ń lọ sápá kan, ìdí ń fẹ̀ lọ sí apá kejì, ìdí yìí ló sì máa ń gbá ọkọ̀ ẹlòmíì. Kò ní bíréèkì. Ẹ̀yìn lẹ máa fi ẹ́ńjìnnì wà kó tó dúró. Máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan ni òfin fàyè gbà, síbẹ̀ ojú omi ni kí ẹ máa wò: bí ìgbì yín bá ń fọ́ létí ilẹ̀, eré yín ti pọ̀jù. Bí ẹ bá pàdé ọkọ̀ mìíràn, ọ̀tún ni kí ẹ yà sí. Ẹ ti dín eré kù kí ẹ tó dé ibi tí ọkọ̀ so mọ́lẹ̀, nítorí pé omi tí ọkọ̀ yín fà lè fa èèkàn wọn tu.

Inú lọ́ọ̀kì

Lọ́ọ̀kì jẹ́ yàrá omi tó ní ilẹ̀kùn lókè àti nísàlẹ̀. Fèrèsé omi kéékèèké ló ń jẹ́ kí omi wọlé tàbí jáde, wíńdílásì la sì fi ń gbé wọn sókè. Kò sí ẹni tó lè fi agbára ṣí ilẹ̀kùn náà nígbà tí omi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bá dọ́gba. Ẹ má fi ẹ̀yìn pa ara yín. Bí kò bá ṣí, omi kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀, tàbí ẹnì kan ti gbàgbé fèrèsé kan ní ṣíṣí lápá kejì.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ wo òdìkejì. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀, tí omi inú lọ́ọ̀kì sì wà ní ìpele tiwọn, àwọn ló máa kọ́kọ́ gbà á.

Bí ẹ bá ń gòkè: ẹ tú omi inú rẹ̀ jáde, ẹ ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, kí ọkọ̀ wọlé. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sọ fèrèsé ìsàlẹ̀ kalẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé fèrèsé òkè dé ìdajì, ẹ dúró, ẹ wo ọkọ̀. Omi tó ń wọlé máa ń fa ọkọ̀ síwájú, ó sì lè mú kí imú rẹ̀ há sábẹ́ ilẹ̀kùn. Bí ọkọ̀ bá ti fara balẹ̀, ẹ gbé e tán. Nígbà tí omi bá dọ́gba, ilẹ̀kùn á gbà fún yín láti ṣí. Bí ẹ bá ti jáde, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sì sọ gbogbo fèrèsé kalẹ̀.

Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ewu tó le jù wà lẹ́yìn yín. Lábẹ́ ilẹ̀kùn òkè ni pèpéle òkúta kan wà tí a kì í rí nígbà tí omi kún. Ìlà funfun tí wọ́n kùn sí etí lọ́ọ̀kì ló ń fi ibi tó dé hàn. Ìdí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú ìlà yẹn títí omi fi máa tán. Bí ó bá gbé ìdí lé pèpéle, omi á máa lọ sílẹ̀, imú á máa rì, ìdí á wà lókè. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi á gba iwájú wọnú ọkọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń yẹ̀, ẹ pariwo, ẹ sọ fèrèsé ìsàlẹ̀ kalẹ̀ kíá, kí ẹ tó wá rọra ṣí ti òkè kí omi lè gbé ọkọ̀ padà. Ìdí kan náà ni a kì í fi so okùn pinpin mọ́ òpó nígbà tí a bá ń sọ̀kalẹ̀.

Wíńdílásì fúnra rẹ̀ ti ṣẹ́ ọwọ́ àti àgbọ̀n púpọ̀. Eyín irin kékeré kan ló ń di fèrèsé mú kó má bàa já bọ́. Bí eyín yẹn bá yọ̀ tí wíńdílásì ṣì wà lórí irin, á máa fi eré yí, á sì gbá ohun tó bá kàn. Bí ẹ bá ti gbé fèrèsé tán, ẹ rí i pé eyín ti wọlé, kí ẹ yọ wíńdílásì mú lọ́wọ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ níbẹ̀ láé. Nígbà tí ẹ bá sì ń sọ fèrèsé kalẹ̀, ẹ máa fi ọwọ́ yí i wálẹ̀.

Ohun kan tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ bá pàdé lórí kànáàlì mìíràn: omi tó ń ṣàn gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà gbà kọjá lọ́ọ̀kì, ó sì máa ń gba ihò ẹ̀gbẹ́ jáde nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí ẹ fẹ́ gbà wọlé. Ó lè ti imú ọkọ̀ yín lu ògiri nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹ wọlé. Ẹ wá ojú rẹ̀ láti òkèèrè, ẹ darí imú díẹ̀ sí apá ibi tí omi ti ń tú jáde, ẹ má sì pa eré kú pátápátá.

Grindley Brook

Lọ́ọ̀kì mẹ́fà ló wà níbí, nítòsí Whitchurch. Mẹ́ta àkọ́kọ́ dá dúró. Mẹ́ta tó kù so mọ́ra gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀gùn, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀kùn òkè yàrá kan ni ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yàrá tó tẹ̀ lé e. Olùtọ́jú máa ń wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀. Ẹ lọ bá a kí ẹ tó mú ọkọ̀ wọlé, ohun tó bá sọ sì labẹ́ gé.

Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ rántí pé omi yàrá òkè ló ń kún yàrá ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń gòkè, kí yàrá ìsàlẹ̀ ṣófo, kí méjì òkè kún. Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀, kí yàrá òkè kún, kí méjì ìsàlẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá tú omi sínú yàrá tó ti kún tẹ́lẹ̀, omi á ṣàn bo etí. Ẹni tó bá ń gòkè tí yàrá òkè rẹ̀ ṣófo, kò ní rí omi tó máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé ìpele. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn yípo, ẹ wo yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó gbé fèrèsé kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ibí, lọ́ọ̀kì méjì ní New Marton ló kù kí ẹ tó dé Llangollen.

Àwọn afárá tí a ń gbé sókè náà wà lójú ọ̀nà. Ti Wrenbury ń lo iná, kọ́kọ́rọ́ la fi ń ṣí i, ó sì ń dá mọ́tò dúró. Wíńdílásì la fi ń ṣí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù. Ẹ dúró kó gbéra tán kí ọkọ̀ tó wọlé, torí etí rẹ̀ lè ṣì yọ sórí omi.

Chirk

Ọdún 1801 ni wọ́n ṣí afárá olómi Chirk. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 710, gíga rẹ̀ 70, odò Ceiriog sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láàárín Ìńgílándì àti Wales. Afárá ojú irin tó ga jù ú lọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ ní nǹkan bí ogójì ọdún ó lé lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá sọdá tán, ihò abẹ́ òkè ni, yáàdì 459, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló sì lè gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tan iná iwájú, ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa: ẹ lè rí ìmọ́lẹ̀ òdìkejì, bí iná ọkọ̀ bá sì ń bọ̀, ẹ dúró.

Ibí ni ìṣàn ti ń hàn jù ní àlọ. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ihò náà, omi sì gbọ́dọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì níná sí i, ìdí ọkọ̀ á kàn rì sí i ni, eré ò ní fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ẹ fi iná sí ìwọ̀n díẹ̀, ẹ ní sùúrù.

Pontcysyllte

Thomas Telford àti William Jessop ló ṣe é. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní 1795, wọ́n sì ṣí i ní November 26, 1805. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1,007, ó ga ní 126 sókè odò Dee, òpó òkúta 18 ló gbé e ró. Òkè àwọn òpó náà ṣófo nínú kó lè fúyẹ́. Inú ọpọ́n irin tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínǹṣì 10 ni omi ń gbà. Ẹni tó bá wò ó á rò pé ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ bo apá kan rẹ̀. Omi wà lábẹ́ ọ̀nà náà, ibẹ̀ sì ni èyí tí ọkọ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń gbà lọ sẹ́yìn. Láìsí àyè yẹn, ọkọ̀ kò ní lè rìn lórí rẹ̀ bó ṣe ń rìn yìí. Láti 2009 ni UNESCO ti ka afárá yìí àti máìlì 11 kànáàlì mọ́ àwọn ogún àgbáyé.

Ní àlọ, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti irin ìdáàbòbò wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Lọ́wọ́ òsì, kò sí nǹkankan: etí ọpọ́n náà fi díẹ̀ yọ lókè omi, lẹ́yìn rẹ̀ òfìfo ni. Kí ẹ tó wọ orí rẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọdé wọnú ọkọ̀, ẹ so ajá mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí òrùlé. Atukọ̀ tí òòyì ń kọ́, kó gbé ọ̀pá fún ẹlòmíì kí wọ́n tó wọlé, kì í ṣe ní àárín. Ọkọ̀ kò lè kọjá lára ara wọn. Bí ọkọ̀ bá wà lórí rẹ̀, ẹ dúró sẹ́yìn tó jìnnà, kí wọ́n lè ráyè jáde. Lórí rẹ̀, ẹ rọra lọ. Ọkọ̀ á máa fara kan irin, ìró rẹ̀ sì ń dún, ṣùgbọ́n kò lè ré kọjá etí ọpọ́n. Ẹ̀yin ni kí ẹ má ré kọjá etí ọkọ̀. Bí ẹ bá ti sọdá sí Trevor, òsì ni ọ̀nà Llangollen yà sí, ó sì yà gan-an. Ẹ ti dín eré kù kí ẹ tó débẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti rìn

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń bú tí ọkọ̀ kò sì lọ, aṣọ, ọ̀rá tàbí koríko ti wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ abẹ́ ọkọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, kí ẹ tó ṣí ìdérí tó wà lókè abẹ̀bẹ̀ náà. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Ẹ dé ìdérí padà, ẹ fún un le dan-in, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá dé dáadáa, abẹ̀bẹ̀ á máa da omi sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì ti rì báyìí rí.

Dé Llangollen, àti àbọ̀

Láti Trevor lọ, àwọn ibì kan wà tó dín débi pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà wọ́n. Ẹ rán ẹnì kan fẹsẹ̀ rìn ṣáájú pẹ̀lú fóònù, kó lọ dé ibi tó tún ti fẹ̀, kó sọ fún yín bóyá ọ̀nà mọ́. Ẹ so ọkọ̀ sí ibi ìgúnlẹ̀ ní Llangollen, ẹ sì ka pátákó ibẹ̀ kí ẹ mọ iye àkókò tí wọ́n fàyè gbà. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ lọ sí Horseshoe Falls. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà.

Ní àbọ̀, ìṣàn wà lẹ́yìn yín, ọkọ̀ á sì máa sáré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó ń pẹ́ kó tó dúró. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wa ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, pàápàá nígbà tí ẹ bá ń sún mọ́ lọ́ọ̀kì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kí ẹ sì tún rán ẹni ẹlẹ́sẹ̀ ṣáájú ní àwọn ibi tóóró, torí ọkọ̀ tí omi ń tì kò rọrùn láti dá dúró bí ẹ bá pàdé ẹlòmíì níbẹ̀.