Bí a ṣe ń tú táyà ọkọ̀ akẹ́rù, tí a sì ń dè é padà kó má baà yọ lójú ọ̀nà

Ẹ wá ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, ẹ fa hándíbíréèkì, kí ẹ sì fi igi há táyà mìíràn níwájú àti lẹ́yìn. Irinṣẹ́ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kò pọ̀: jáàkì tí agbára rẹ̀ ju ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé lọ, sítáǹdì onírin, ọ̀pá gígùn, sọ́kẹ́ẹ̀tì, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti torque wrench, ìyẹn ọ̀pá tó ń wọn bí a ṣe ń mú nọ́ọ̀tì le tó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 33 mílímítà ló bá ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onínọ́ọ̀tì mẹ́wàá mu. Onígun mẹ́fà ni kí ẹ lò. Onígun méjìlá máa ń họ orí nọ́ọ̀tì, tó bá sì ti họ, ó di ti ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù.

Kí táyà tó kúrò nílẹ̀ ni kí ẹ ti dẹ nọ́ọ̀tì. Ẹ wo ẹnu bóòtù ná: lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, lẹ́tà L wà níbẹ̀, òdìkejì ni wọ́n sì ń yí irú wọn sí. Tó bá ti dípẹtà, ẹ fún un ní epo, kí ẹ sì ní sùúrù díẹ̀. Ẹ lè ki páìpù bọ ọ̀pá títú kó gùn sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e. Rọ́bà kékeré kan ló sé epo mọ́ inú jáàkì. Ọjọ́ tó bá ya, ọkọ̀ á wálẹ̀ láìdágbére. Nítorí náà, ẹ gbé ọkọ̀ lé sítáǹdì kí ẹ tó yọ táyà. Ẹni tí kò ní sítáǹdì lè to igi líle nípọnnípọn ní ìbú àti òòró. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì láéláé, ó máa ń fọ́ lójijì.

Ìgbà tí a bá ń de táyà padà ni ọ̀pọ̀ ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, wọ́n á fi lu nọ́ọ̀tì títí yóò fi dákẹ́, wọ́n á ní ó ti le. Kò sẹ́ni tó mọ bó ṣe le tó. Tó bá le jù, bóòtù á fà, á sì já. Tó bá dẹ̀, rìímù á máa mì, ihò rẹ̀ á sì máa fẹ̀. Méjèèjì ló ń yọ táyà sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìpẹtà àti ọ̀dà tó wú kúrò níbi tí rìímù ti fara kan họ́ọ̀bù (irin àárín tí bóòtù wà lára rẹ̀), títí irin yóò fi hàn. Ẹ má fi gíríìsì kun bóòtù àfi tí ìwé ọkọ̀ bá ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó ń jẹ́ kí nọ́ọ̀tì fún ju ohun tí irinṣẹ́ kà lọ. Ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé, kí ẹ wá mú wọn le díẹ̀, ní nǹkan bí 70 Nm (Nm ni ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nǹkan). Bí ẹ bá ti de ọ̀kan, èyí tó kọjú sí i ló kàn. Ẹ má tò wọ́n yípo.

Torque wrench ló ń parí iṣẹ́. Fún bóòtù M22 (èyí tó nípọn ní mílímítà 22) lára rìímù tó jókòó lórí họ́ọ̀bù, 610 sí 680 Nm ni wọ́n sábà máa ń dá, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ fà á jẹ́jẹ́, láìjá a. Gbàrà tó bá dún “kà”, ẹ dúró, torí ẹni tó tún fà á ti ń mú un le jù. Ẹ má ki páìpù bọ̀ ọ́, ẹ má sì fi tú nọ́ọ̀tì. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ dá a padà sí ìwọ̀n tó kéré jù lára rẹ̀ kó má baà máa purọ́.

Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kọjá nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara rìímù. Ṣọ́ọ̀kì náà tó, àmọ́ òjò á fọ̀ ọ́. Láàárín 80 sí 160 kìlómítà ni ẹ gbọ́dọ̀ tún fi torque wrench yẹ̀ wọ́n wò. Èmi kì í jẹ́ kó kọjá 80. Tí ìlà kan bá ti yà, tàbí tí ìpẹtà ń ṣàn láti ìdí nọ́ọ̀tì, ẹ tú táyà náà, kí ẹ wo bóòtù àti ihò rìímù kí ọkọ̀ tó tún gbéra.